Kì Í Ṣe Ọwọ́ Oyèélà Ló Ba Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Jẹ́

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni iṣẹ́ yìí kó sí mi lórí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí mo fi darúgbó. Mo ń da omi sínú àmù tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ọ̀gá mi ní Ìwó. Ọwọ́ mi kan ara àmù náà, ó tutù rinrin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wà, èyí tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná láti ìrọ̀lẹ́ àná. Mo fọwọ́ kan òun náà. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Amọ̀ ni méjèèjì, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n sùn, atẹ́gùn kan náà ló fẹ́ sí wọn. Kí ló mú ọ̀kan tutù tí èkejì ò tutù?

Mo bi ọ̀gá mi. Ìgbátí ni mo gbà.

“Ṣé ìkòkò lo wá kọ́ ni, àbí ọtí?” ni wọ́n wí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín: inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pẹ̀tù sí i.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi mú mi lọ, ọ̀gá mi wo àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní kí n wọlé. Ìyá Àjíkẹ́ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Láti Ìwó dé Ilé-Ogbó, kò sí ẹni tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ tó tiwọn nígbà tí ó bá dùn. N kò ní fi ìbínú bo èyí mọ́lẹ̀. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó hù. Bí èéhù rẹ̀ bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, adìẹ ni wọn yóò dà á fún. Wọ́n á sá a gbẹ, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sè é títí gbogbo agboolé yóò fi máa ta sánsán bí oyin. Lẹ́yìn náà ni a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Omi dídùn tí ó bá jáde yìí kò tíì di ọtí. Omi ọtí là ń pè é. Ó di ìgbà tí a bá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtijọ́ sí i, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀ láìsí iná, kí a tó lè pè é ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò lè wọ inú omi gbígbóná, yóò kú ni. Omi ọtí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀ títí yóò fi dà bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ìgbọ̀nwọ́ la fi ń dán an wò, torí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń dáná kì í mọ ooru mọ́. Bí ó bá sì pẹ́ jù kí ó tó rọlẹ̀, ohun tí a kò pè yóò ti wọ inú rẹ̀ ṣáájú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, omi náà yóò sì kan.

Ọ̀gá mi le. A kì í sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí asẹ́ kan ilẹ̀, òun ni yóò máa fọ gbogbo asẹ́ ilé títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ẹni tí ó bá sín yóò jáde síta, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Gbogbo èyí dára, mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èyí tí kò dára ni àṣà bíbò. Tí a bá ti sẹ́ omi ọtí tán, wọ́n á ní kí a dà á padà sínú ìkòkò tí a fi sè é, ìkòkò ńlá tí ikùn rẹ̀ nípọn tí ẹnu rẹ̀ sì kéré. Wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á tẹ́ ẹní lé ewé, wọ́n á fi àkísà wé ọrùn rẹ̀, kí ojú ayé má baà rí i.

“Ọtí gbọ́dọ̀ sùn kí ó tó jí,” ni wọ́n máa ń wí. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Ẹ wo bí a ṣe ń fi òwe tó dára bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Ooru ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n ń fi aṣọ wé e bí ìgbà tí abiyamọ bá pọn ọmọ. Lásìkò ọyẹ́, ó lè tutù kí a tó jí. Lásìkò tí oòrùn bá mú, ilẹ̀ yóò mọ́, a ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, a ó sì yára fà á yọ. Bí ọtí bá wá kan, wọn kì í bi ìkòkò léèrè. Àwa ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń bi. Ta ló ń ṣe nǹkan oṣù? Ta ló bá ẹnìkan jà lánàá? Ta ló jẹ ọsàn kó tó fọwọ́ kan asẹ́?

Oyèélà ni a jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ Olúpọ̀nnà ni, ó ga, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yẹ kí a rẹ́rìn-ín sí. Òun ni ó máa ń sẹ́ omi ọtí torí pé apá rẹ̀ gùn. Ní ọdún kan, àwọn alágbẹ̀dẹ Ilé-Ogbó wá bẹ ọ̀gá mi ní ọtí ọdún Ògún. Oòrùn mú lọ́dún náà débi pé àwọn ewúrẹ́ ń sùn sínú odò. A sè é, a sẹ́ ẹ, a wé e láṣọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. A rù ú dé Ilé-Ogbó. Baba tó jẹ́ olórí àwọn alágbẹ̀dẹ gba igbá, wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n sì tu ú dànù.

“Ìyá Àjíkẹ́,” ni wọ́n wí, “ṣé ẹ fẹ́ kí a fi èyí ha ìpẹtà lára ọkọ́ ni?”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Oyèélà náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ọ̀gá mi wẹ̀yìn wò ó, mo sì mọ̀ pé ó ti tán fún un.

Bí a ti délé, wọ́n dúró ní àárín agboolé, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde.

“Ẹ wo ọmọ yìí dáadáa,” ni wọ́n wí. “Ọwọ́ kíkan ló ní. Láti ọjọ́ tó ti wọlé mi ni mo ti ń fura.”

Oyèélà kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Omi yẹn ò tíì rọlẹ̀ ni. Mo ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ta mí.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́?”

“Rárá, Ìyá.”

“Di ẹrù rẹ.”

Ó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ dé Olúpọ̀nnà. Àwọn ará ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n ní ta ni yóò máa jẹ ọbẹ̀ tí ọwọ́ kíkan bá sè. Ó gbìyànjú àtita ògì, wọn ò rà á. Ó gbìyànjú àtita ẹ̀kọ, àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ di imú tí wọ́n bá ń kọjá níwájú igbá rẹ̀. Ó wá kù sí òwú ríràn, torí pé ẹnikẹ́ni kì í jẹ òwú. Ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan! Ẹnu àgbà kan ló ba ayé rẹ̀ jẹ́ láàárín ìgbà tí a fi ń ṣẹ́jú.

Mo ṣe iṣẹ́ mi pé, mo gba ìdásílẹ̀, mo sì lọ sílé ọkọ ní Ìwó kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ránṣẹ́ sí Oyèélà. Mo ní kí ó gbé ìrànwú rẹ̀ wá. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ̀bi, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Agogo kò sí nílé wa, nítorí náà Oyèélà á jókòó tì mí, á máa ran òwú, iye ìrànwú tí ó bá kún ni òṣùwọ̀n àsìkò wa.

A kọ́kọ́ ṣe é bí ọ̀gá wa ti ń ṣe é, ká lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀. A bò ó, a wé e.

“Òwú tó wà nílé ti tán,” ni Oyèélà wí. “Ṣé kí n máa tú aṣọ ọkọ rẹ?”

A da irú rẹ̀ sínú àwọn àwo amọ̀ tí ẹnu wọn gbòòrò, láìbò ó. Ìrànwú mẹ́rin. A fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó dín sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n eérú àti eṣinṣin wọ inú rẹ̀. Mo wá rántí àmù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí mo fi rí i pé ara rẹ̀ máa ń tutù nítorí pé ó ń làágùn, òógùn náà ni ó sì ń gbé ooru lọ. Ìkòkò tí a fi ń se ọtí kì í làágùn, torí pé àwọn amọ̀kòkò máa ń da omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè sí i lára nígbà tí ó bá ṣì gbóná láti inú iná, kí ihò ara rẹ̀ lè dí. Mo gba ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò lọ.

“Ìyá, ìkòkò tí ẹ ò tíì da omi irúgbá sí lára ni mo fẹ́.”

“Ìkòkò tí yóò máa jò? Kí ni ọkọ rẹ ṣe sí ọ?”

“Mo fẹ́ kó máa làágùn ni, Ìyá.”

“Ọmọ yìí, àwọn tó ń bú mi pé ìkòkò mi ń làágùn ni mo mọ̀. N ò tíì rí ẹni tó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá rà á.”

Wọ́n fún mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín títí mo fi yà kúrò níbẹ̀. Mo da omi ọtí sí i. Ó tutù dáadáa, ṣùgbọ́n ọtí wọ inú amọ̀ náà lọ, nígbà tí mo máa lò ó lẹ́ẹ̀kejì, ara ìkòkò náà ti kan. Inú bí mi, mo fẹ́ fọ́ ọ.

“Má fọ́ ọ,” ni Oyèélà wí. “Ṣebí omi ló mọ̀ ọ́n mú tutù? Jẹ́ kó máa mú omi tutù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ mi, Oyèélà ló sì sọ ọ́. Ìkòkò tó ń làágùn yóò máa tọ́jú omi tútù. A ó da omi náà sínú agbada ńlá. Ohun tí omi ọtí wà nínú rẹ̀ ni a ó gbé jókòó sínú agbada yẹn. Bí omi agbada bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó dà á nù, a ó da òmíràn sí i. A ó máa ro omi ọtí, a ó sì máa ro omi agbada. Omi kò ní fara kan omi.

Ohun tí omi ọtí yóò wà nínú rẹ̀ ló kù. Amọ̀ nípọn jù. Ìgbà náà ni àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú irin, àwọn oníṣòwò sì ń kó abọ́ tánganran bọ̀ láti Èkó. Mo rà á, èyí tó gbòòrò. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, ooru kì í rí ibi sá sí nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kí n lo garawa kẹrosíìnì. Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi mu ún, ó ní tí òun bá mí sí àtùpà yóò tàn.

Tánganran nínú agbada: ìrànwú méjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n bínú sí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Mo ń rí yín. Ẹ máa ń gbé omi odò tútù, ẹ ó dà á sínú omi ọtí gan-an kí ó lè tètè rọlẹ̀. Omi tí màlúù ti mu, tí wọ́n ti fọ aṣọ sí. Ẹ ti sè é kí ó mọ́, ẹ wá da ìdọ̀tí padà sí i. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó ní ayé ló ń ṣe yín.

Òkìkí wa bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Àjíkẹ́, ọmọ ọ̀gá mi, wá kí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó wò ó, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Èyí kò dùn mí, iṣẹ́ kì í ṣe ohun àfipamọ́ lójú mi. Ohun tó dùn mí ni pé Ìyá Àjíkẹ́ kò wá bi mí léèrè. Ọdún Ògún tún dé, àwọn alágbẹ̀dẹ tún fún wọn níṣẹ́. Wọ́n sè é, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé ìkòkò amọ̀ ńlá náà, bí ó ti ń hó láti orí iná, sínú agbada omi tútù. Ìkòkò náà là sí méjì. Gbogbo ọtí dà nù, omi gbígbóná sì bó ẹsẹ̀ Àjíkẹ́.

Mo sáré lọ kí wọn. Mo kúnlẹ̀, torí pé ọ̀gá ni ọ̀gá. Ẹsẹ̀ Àjíkẹ́ wú, ó ń sunkún nílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lójú gbogbo èrò.

“Ọwọ́ kíkan yẹn ló tẹ̀lé ọgbọ́n yín wọlé mi. Oyèélà ló fọ́ ìkòkò mi.”

“Ìyá,” ni mo wí, “Oyèélà wà ní Olúpọ̀nnà láti ìjẹta.”

“Ọwọ́ rẹ̀ gùn.”

“Ẹ tún ń sọ ọ́. Ẹ ti gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ẹ ti gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ gbà?”

Bí mo ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Baba olórí àwọn alágbẹ̀dẹ wọlé, wọ́n wá wo bí ọtí wọn ti ń lọ. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wo agbada, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan etí ibi tó ti là.

“Ta ló ní kí ẹ ti ohun tó ń jó bọ omi lójijì?” ni wọ́n bi wọ́n. “Irin pàápàá, a máa ń mọ èyí tí yóò gbà á àti èyí tí yóò là. Amọ̀ lẹ fi ń ṣe èyí? Ìyá Àjíkẹ́, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbí.”

“Baba, ẹ ò mọ ọmọ náà.”

“Ó dáa. Kí ó wá sè é ní Ilé-Ogbó nílé mi, lójú gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má bá a fọwọ́ sí i. Bí ó bá kan, èmi fúnra mi yóò sọ pé ẹ̀yin lẹ jàre.”

Mo lọ bá Oyèélà. Mo rò pé yóò fò sókè. Ó ń ran òwú lọ, kò gbójú sókè.

“N ò lọ,” ni ó wí.

“Kí ló dé?”

“Bí ó bá kan ńkọ́? Lónìí, ìdajì Olúpọ̀nnà ló gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, èmi náà yóò gbà á gbọ́.”

Mo jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó wé òwú rẹ̀, ó ní, “Ṣé abọ́ tánganran náà mọ́?”

Òun nìkan ló dá sè é. Ó rẹ àgbàdo, ó dúró tì í títí ó fi hù, ó sá a, ó lọ̀ ọ́. Ó sè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀dẹ, gbogbo ìyàwó alágbẹ̀dẹ sì jókòó yí i ká bí ẹni tó ń wo ẹjọ́. Ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú apá gígùn rẹ̀. Ó bù ú sínú tánganran díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sínú agbada, ó ń rò ó. Obìnrin kan gbé ẹní dìde láti bò ó.

“Kí ojú má baà pọ̀ lára rẹ̀,” ni ó wí.

“Bí ẹ bá fi ẹní yẹn bò ó,” ni mo wí, “n ó fi í wé ẹ̀yin náà sínú oòrùn, ká wo bí ẹ ó ṣe tutù.”

Ó jókòó. Oyèélà ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró, ó sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, kò jẹun títí ó fi gbọ́ ìró híhó rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, Baba gba igbá. Wọ́n mu, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì na igbá náà padà sí Oyèélà.

“Bu sí i,” ni wọ́n wí. “Èyí tí mo mu yẹn, Ògún ló ni ín. Tèmi ló kù.”

Ìyá Àjíkẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n mu tiwọn tán. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ, torí pé gbólóhùn kan lásán ni mo fẹ́.

“Ó dùn,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ojú Ògún ni wọ́n ti sè é. Ògún ló bò ó láṣìírí.”

Wọ́n kú láìgba ọ̀rọ̀ wọn padà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi àti Oyèélà jọ ta ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ títí irun wa fi funfun. A ta á nígbà tí àwọn oníbàárà wa ń bọ́ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé wá rà á. A ta á nígbà tí ọtí onígò dé. Oyèélà rí ọkọ ní Ilé-Ogbó, ó bímọ. Síbẹ̀, àwọn ilé kan wà ní Olúpọ̀nnà lónìí tí ọmọ-ọmọ wọn kò ní gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì mọ ìdí. Èyí ni mo ń bínú sí. Ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́, ẹ wá èyí tí ọ̀gá rẹ̀ yóò jẹ́ kí ẹ bi ìkòkò léèrè kó tó bi yín.

A ti fẹ̀yìn tì, a kò tà mọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì ṣíwọ́ dídán an wò. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, a lo tánganran méjì nínú agbada méjì, aṣọ tútù lára agbada, à ń ti inú ọ̀kan da omi ọtí sínú èkejì láti òkè bí ẹni tó ń fẹ́ ọkà. Oòrùn mú, kò sí atẹ́gùn. Oyèélà ń ran òwú lórí àpótí rẹ̀. Nígbà tí mo pè é, ó dìde, ó ká apá aṣọ sókè, ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìrànwú rẹ̀ sókè fún mi kí n rí i. Òwú tó wà lára rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.